Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Pé Mọ́kànlá

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn obìnrin ayẹ̀jẹ̀wò náà ni pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kí ni èèyàn ì bá tún rò? Ogójì ọmọ ló gún níka láti àárọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú rẹ̀ sì ń sọ pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó.

Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú yàrá ìyẹ̀jẹ̀wò ilé ìwòsàn kékeré yẹn. Tí èèyàn mẹ́ta bá wà nínú yàrá ọ̀hún, ẹ̀kẹrin á máa tọrọ àyè: tábìlì kan, àga onírin méjì, fíríìjì kan tó ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun, àti fèrèsé tó kọjú sí àwọn bẹ́ǹṣì tí àwọn ìyá máa ń jókòó sí. Ní gbogbo ọdún yẹn, ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá nìkan ni wọ́n máa ń ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá tó, kì í yà á lẹ́nu. Ṣebí àìsàn ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n lóṣù náà, ìwé wá látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá pé gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí wọ́n bá ti gbé wá fún ìwọ̀n tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n wọn agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá gágá. Ẹni tí tirẹ̀ bá pé mọ́kànlá lójú ẹ̀rọ, ó yege. Èyí tí kò bá pé mọ́kànlá, ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó wá lọ́jọ́ náà kì í sì í ṣe aláìsàn. Èyí tó ń rú u lójú gan-an nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn já gíláàsì ojú rẹ̀ gbà. Òmíràn fi eyín mú un lọ́wọ́ bó ṣe ń mú abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ní mẹ́sàn-án ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mẹ́sàn-án, pẹ̀lú irú eyín yẹn!

Ó dìde, ó gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà lọ. Obìnrin yìí ló ń bójú tó ilé ìwòsàn náà. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, kò sì sí nǹkan tí kò tíì rí rí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá mi wò ó. Ẹ̀rọ yìí ń parọ́."

"Ẹ̀rọ kì í parọ́, ó máa ń ṣàárẹ̀ ni," nọ́ọ̀sì àgbà dáhùn. "Pààrọ̀ bátìrì rẹ̀."

Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó ṣí agolo tuntun tí pélébé tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí wà nínú rẹ̀. Ó gún ìka ara rẹ̀: mẹ́tàlá. Ó gún nọ́ọ̀sì àgbà: méjìlá ààbọ̀. Wọ́n pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wọlé, ọkùnrin náà ń ṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́: mẹ́rìnlá ààbọ̀.

"Ó mọ àgbà wọ̀n," nọ́ọ̀sì àgbà ní. "Ọmọdé ni kò mọ̀. Ó jọ bùrọ̀dá mi kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti kéré sí i, kì í kà á kún èèyàn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò wọ ayẹ̀jẹ̀wò lára. Nọ́ọ̀sì àgbà ronú díẹ̀, ó wá ní: "Ọmọ tí gbogbo wa mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe ni ká wá. Rọ̀bọ̀tọ̀ ńkọ́?"

Rọ̀bọ̀tọ̀ ni ìnagijẹ ọmọbìnrin ayẹ̀jẹ̀wò yìí, ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí ẹni tó ń fọn fèrè, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ní ìlà bíi pé wọ́n fi okùn dì í. Kì í ṣe sísanra rẹ̀ nìkan làwọn èèyàn fi ń yìn ín. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ibi tí wọ́n bá gbé e jókòó sí náà ni wọ́n máa bá a. Nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, ó lè jókòó sórí pákó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láìfọwọ́ kan ìṣó kan. Ìyá ọkọ ayẹ̀jẹ̀wò ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé, kì í sì í sinmi àtifi yangàn: "Ọmọ tèmi kì í sáré kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Àgbà ló wá sáyé, ó kàn gbé ara ọmọdé wọ̀ ni."

Ilé kò ju òpópó méjì lọ sí ibi iṣẹ́. Ayẹ̀jẹ̀wò sáré lọ, ó pọn ọmọ rẹ̀ dé, ó gún un níka. Rọ̀bọ̀tọ̀ kò tilẹ̀ sunkún. Ó kàn ń wo ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe ń yọ. Wọ́n dúró de ẹ̀rọ. Ó ní mẹ́jọ ààbọ̀.

Ó gún ìka mìíràn. Mẹ́jọ ààbọ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà pàtẹ́wọ́. "Ó parí! Bó bá jẹ́ Rọ̀bọ̀tọ̀ yìí ni kò lẹ́jẹ̀ lára, a jẹ́ pé èmi ti kú láti ìjẹta, ẹ kàn ń tijú àtisọ fún mi ni."

Ìgbà yẹn ni ọkàn ayẹ̀jẹ̀wò tó balẹ̀. Ó jáde sí àwọn ìyá tó ń dúró de èsì, ó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kan ráhùn, inú àwọn kan dùn. Onídìrí kan tí ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ bi í bóyá oorun tí ọmọ náà ń sùn kò ti pọ̀ jù.

"Iṣẹ́ ọmọdé ni oorun," ayẹ̀jẹ̀wò dá a lóhùn. "Ẹ máa lọ, ìyá. Ẹ̀rọ ni wàhálà wa báyìí."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n dáadáa, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ọsibítù ńlá dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó mú ìgò tíńtín kan jáde. Omi pupa ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti kọ iye tó yẹ kí ẹ̀rọ kà sí ara ìgò náà: méjìlá. Ó kán an, ẹ̀rọ ní méjìlá. Ó kán an lẹ́ẹ̀kejì, ó kán an lẹ́ẹ̀kẹta. Méjìlá, méjìlá.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ̀rọ yín, mà."

"Kò sí kẹ̀?" ayẹ̀jẹ̀wò bèèrè.

"Kò sí."

"Bóyá ti ọmọdé ni kò..."

"Mà, ẹ̀rọ ò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá fún un ló máa kà." Ó pa báàgì rẹ̀ dé. "Ẹ̀yin nìkan sì kọ́ lẹ ké sí mi o. Ilé ìwòsàn mẹ́rin ni mo ti dé lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ àwọn bàjẹ́."

Nígbà tó lọ tán, nọ́ọ̀sì àgbà rọra fìdí lé àga.

"Àrùn tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe," ó ní. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Bí gbogbo wọn bá rí bẹ́ẹ̀, èwo wá ni ọmọ tí ara rẹ̀ le? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wọn ọmọ. Kí ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí?"

Ayẹ̀jẹ̀wò ti ṣí ìwé ńlá tó ń kọ èsì sí, ó ń fi ìka tọ orúkọ wálẹ̀. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mẹ́jọ. Ó dé orí ọ̀kan, ìka rẹ̀ dúró. Márùn-ún. Lánàá, nígbà tó kọ ọ́, ẹ̀rín ló fi rín, pé ọmọ tí tirẹ̀ bá jẹ́ márùn-ún kò lè dá jókòó. Ọmọ náà kò sì jókòó lóòótọ́. Ó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni.

Ó sáré bọ́ síta pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ohun tó wà nínú ìwé kò ju "onídìrí, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù" lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ládùúgbò náà sì jẹ́ mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, wọn kò mọ onídìrí kankan. Ní ìkejì, onídìrí tó wà níbẹ̀ kò tíì bímọ, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó rán an wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó fi máa forí lé ìkẹta, bàtà rẹ̀ ti kún fún yanrìn, kò sì mọ̀ mọ́ bóyá àdúrà ló ń gbà ni tàbí ara rẹ̀ ló ń bá jà. Bó bá bá ọmọ náà tó ń ṣeré ńkọ́? A jẹ́ pé ẹ̀rọ bàjẹ́ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ Rọ̀bọ̀tọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí kò bá wá bá a tó ń ṣeré... Kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ parí èyí.

Onídìrí wà lábẹ́ ìbòrí páànù, orí oníbàárà wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ọmọ náà wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lajú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò kíákíá, bí ẹni tó sáré wá láti ọ̀nà jíjìn.

"Wọ́n ti tún ẹ̀rọ ṣe ni?" onídìrí bèèrè. Inú rẹ̀ dùn láti rí i.

Ayẹ̀jẹ̀wò ti kúnlẹ̀. Ó fa ìpéǹpéjú ọmọ náà wálẹ̀. Inú rẹ̀ funfun bíi bébà. "Ìgbà wo ló ti ń mí báyìí?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé ooru ni. Ṣebí mo bi yín lánàá, ẹ ní..." Ó wo ojú ayẹ̀jẹ̀wò, òòyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ní iṣẹ́ ọmọdé ni oorun."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ká lọ."

Oníbàárà tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú irun apá kan ló bá wọn dá alùpùpù dúró. Ní ọsibítù ńlá, wọ́n sáré gbé ọmọ náà wọlé. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tọmọ mu, wọ́n sì fà á sí ọmọ náà lára ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Aago mẹ́rin ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ké. Igbe náà kò tíì le, ṣùgbọ́n igbe ni. Onídìrí bú sẹ́kún. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó bèèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà yẹn.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ lánàá ni?"

"Ẹ̀rọ sọ fún mi. Mi ò gbà á gbọ́."

"Kí ló dé?"

"Ohun kan náà ló sọ nípa ọmọ tèmi."

Onídìrí wò ó títí. Ó jọ pé ó fẹ́ bínú, ó sì jọ pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn, kò sì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Ẹ yáa lọ bá ọmọ yín nígbà náà," ló sọ.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tó délé. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń ri búrẹ́dì bọ inú tíì dúdú fún Rọ̀bọ̀tọ̀, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ayẹ̀jẹ̀wò gbé ọmọ náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò dá a lójú. Ó pe ọmọ aládùúgbò méjì tó ń ṣeré níwájú ilé, ó wo tiwọn náà. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Bí gbogbo aṣọ tó wà lórí okùn bá ti ṣá, báwo lèèyàn á ṣe mọ àwọ̀ tí wọ́n ní nígbà tí wọ́n wà ní tuntun?

"Kí lò ń wá lójú ọmọ?" ìyá àgbà bèèrè.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀."

"Ara ta ni? Ara èyí?" Ìyá àgbà gbé apá ọmọ náà sókè bí ẹni tó ń polówó ọjà. "Ìyàwó, ṣé o tiẹ̀ jẹun lónìí? Ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì bí ẹni tó ń jù ú sẹ́yìn!"

"Kì í sáré, Màmá. Kò sáré rí."

"Ìwà rẹ̀ nìyẹn."

"Bóyá kì í ṣe ìwà."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá àgbà dọ́kàn. Ó gbé ife tíì sílẹ̀. Ó ní ọmọ mẹ́fà lòun tọ́ dàgbà, kò sì sí èyí tí ẹnikẹ́ni gún níka láti fi wo ìwà rẹ̀. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọn eruku pákó kúrò lára nígbà tó gbọ́ ohùn wọn, ó sì yọjú. Àwọn méjèèjì ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo àdúgbò wò, láti ọdún mẹ́ta, o ò yẹ tọmọ rẹ wò rí?"

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá ìjà. Ìbéèrè ló fi ṣe, ìyẹn gan-an ló sì mú kó dùn ún wọ egungun. "Kò ṣàìsàn rí," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Dókítà tó máa ń wá sí ilé ìwòsàn wọn ní Ọjọ́bọ̀ ló yẹ Rọ̀bọ̀tọ̀ wò. Ìyá àgbà tẹ̀ lé wọn lọ, ó ní òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́. Dókítà ní àwọn rí ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ ọmọ náà. Àwọn rí ibà díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí kì í dá ọmọ dùbúlẹ̀. Búrẹ́dì àti ìrẹsì tó ń jẹ ń mú un sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó lè di ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan nínú oúnjẹ rẹ̀. Ìwọ̀nba èyí tó sì jẹ, tíì tí wọ́n fi ń sìn ín kì í jẹ́ kí ara rí i lò dáadáa.

"Èwo wá ni nínú gbogbo rẹ̀?" ayẹ̀jẹ̀wò bèèrè.

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Ó yé mi, dókítà, ṣùgbọ́n èwo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Bí ihò mẹ́rin bá wà nídìí garawa, èwo lẹ máa ní ó da omi nù?"

Ìyá àgbà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Nítorí náà, kì í ṣe tíì mi."

"Tíì wà níbẹ̀, Màmá."

"Tíì ló fà á?"

"Tíì nìkan kọ́."

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn, dókítà."

Dókítà wo ayẹ̀jẹ̀wò. Ayẹ̀jẹ̀wò wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé òun náà tó bó ṣe yẹ kó yé ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

Wọ́n fún wọn ní oògùn aràn, oògùn ibà, àwọ̀n ẹ̀fọn, àti oògùn olómi tó ń rùn bí irin. Bínú ìyá àgbà kò ṣe dùn tó, òun ló ń wọn oògùn náà sínú ṣíbí láràárọ̀, ìṣẹ́jú kan kì í yẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi igbe ta láti ẹ̀yìnkùlé pé wọ́n ti pa ọmọ òun, pé ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ́ìlì mọ́tò. Ayẹ̀jẹ̀wò ṣàlàyé pé bí oògùn náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyá àgbà kò gbà á gbọ́ títí tí nọ́ọ̀sì àgbà fi wá jẹ́rìí sí i. Ní ti tíì, kò fún ọmọ náà mọ́. Ó ń lọ dá tirẹ̀ mu ní kọ̀rọ̀ kíṣìnì bí ẹni tó ń jí nǹkan jẹ.

Lópin oṣù, nọ́ọ̀sì àgbà ka gbogbo ìwé náà jọ. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Méjìléláàádọ́fà ni kò pé mọ́kànlá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ sí i, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, bíi pé ibẹ̀ ni àṣìṣe wà.

Oṣù kejì ni ìwà Rọ̀bọ̀tọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n bá a nídìí ilẹ̀kùn nígbà tó jẹ́ pé orí àga ni wọ́n gbé e sí. Lẹ́yìn náà, ó gun tábìlì bàbá rẹ̀, ó sì kan ìṣó mẹ́ta mọ́ ẹsẹ̀ àga tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbé. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ní "mi ò ṣe." Ó ń sáré láti iwájú ilé dé ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé dé iwájú ilé, láìsí ohun tó ń lé e.

"Ẹ dá ọmọ mi padà fún mi," ìyá àgbà ní, ó di ìdí mú níbi tó ti ń lé e kiri. "Èyí tí ẹ gbé wá yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló wà lójú rẹ̀.

Ayẹ̀jẹ̀wò jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ pé mọ́kànlá, ó sì lé díẹ̀. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn, tí wọ́n ń yìn láti ọdún mẹ́ta, tí òun náà ń fi yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni? Ṣé ó ti rẹ ọmọ náà láti ọjọ́ yìí ni, kò kàn mọ bó ṣe máa sọ ọ́? Ọmọ tí kò mọ bí ara yíyá ṣe ń rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ara òun kò yá? Rọ̀bọ̀tọ̀ ṣubú, ó dìde láìsunkún, ó tún sáré. Ìyá rẹ̀ rí i pé omi ń bọ́ lójú òun, kò sì lè sọ pé ìdí báyìí ló fà á.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, onídìrí gbé ọmọ tirẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Ọmọ náà ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó ń di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Ayẹ̀jẹ̀wò gún un níka; ó figbe ta, ó sì ta á nípàá. Mẹ́wàá.

"Ó ti tán?" onídìrí bèèrè.

"Ó kù díẹ̀. Ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró o, bó tilẹ̀ ń sáré."

Onídìrí gbé ọmọ sápá. Ó yíjú sí fèrèsé. Àwọn bẹ́ǹṣì kún fọ́fọ́ láàárọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ kan ń fa gèlè ìyá wọn, àwọn kan ń jẹ bísíkíìtì, àwọn kan ń sùn.

"Nínú gbogbo àwọn tó wà níta yìí," ó ní, "àwọn wo ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó?"

Ayẹ̀jẹ̀wò náà wò wọ́n. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ dé òpin èyí tó kẹ́yìn.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Lójú lásán, mi ò mọ̀."

Ó tẹ òwú mọ́ ìka ọmọ onídìrí títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, ó sì ní kí ẹni tó kàn wọlé.